Ọgbà Tó Ga Ju Ọmọdé Lọ

Pákó kẹsàn-án ni káfíńtà ń kàn mọ́ ọgbà tó yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà ká nígbà tí Ìyá Bándélé, onílé, jáde sí i. Ọdún kẹrin òmìnira ni. Igbó ṣì yí ilé náà ká ní Ìsọlọ̀, kò sì sí ilé mìíràn nítòsí.

"Ó kúrú, káfíńtà."

"Ó ti tó mi láyà, mà. Ọmọ wo ló máa gun èyí?"

"Jẹ́ kó ga jù ọ́ lọ. Ìkọ́ ilẹ̀kùn, fi í pamọ́ sí ẹ̀yìn pákó. Níjẹta, díẹ̀ ló kù kí omi yìí gbé èèyàn mi lọ."

Láti òwúrọ̀, káfíńtà kò gbọ́ ohùn ọmọdé kankan nínú ilé náà.

"Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ yín ni, mà?"

"Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wọn wà."

Ó fi pákó kún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kọ́ ìyá náà bí yóò ṣe máa ṣí i. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi jáde tòun ti táwẹ̀lì léjìká. Bàbá náà fọwọ́ wá ìkọ́ ilẹ̀kùn ọgbà náà títí, kò rí i. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ bá mi bẹ onílé kó ṣí ibí yìí. Ìyàwó mi ń retí mi nílé, mi ò fẹ́ pẹ́."

Káfíńtà rọra gbé òòlù sílẹ̀.

"Ó ń retí yín lóòótọ́, sà," ni Ìyá Bándélé wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń retí yín."