Ìpínlẹ̀ Tí Omi Kọ̀ Sílẹ̀

Ọkọ obìnrin alágbàfọ̀ kan fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi rò ó wò: ṣé yóò bá òun kó kúrò ní ìpínlẹ̀ wọn ni, àbí yóò jókòó sí i? Ó ní bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí òun kò rí i, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Kò-Ṣeé-Gbé ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí. Ẹ kí i káàárọ̀, á ní ìpínlẹ̀ yìí kò ṣeé gbé. Ẹ dárò òkú níwájú rẹ̀, á ní olóògbé ti rọ́nà sá. Ilé-iṣẹ́ omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tó dúró bíi sítíárìn mọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yí irin náà láràárọ̀ kí omi lè wọ ìlú. Bàbá tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ dúró sí òdìkejì irin lọ́jọ́ tó ń kọ́ ọ, ó kọjú sí i, ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ni o," ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, Kò-Ṣeé-Gbé kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Òjò ni o, ibà ni o, á lọ. Ìjọba tilẹ̀ fún un ní ìwé ìyìn, ó fi í kọ́ ògiri pálọ̀.

Ìwé ìyìn kì í sá pọn omi. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ń kán tó, tó, tó, bí imú ọmọ tí òtútù mú.

"Ẹ́ńjìnnì ń fa omi," ni ọkọ máa ń wí bó bá dé, á na àtẹ́lẹwọ́ tó ti le bí ẹ̀yìn ahun. "Àgbá ńlá kún dẹ́nu. Mo yí irin títí apá mi fẹ́ẹ̀ já. Bí mo bá ṣe ń yí i tó náà ni omi ń gbẹ tó! Bí ìyẹn kì í bá ṣe ègún, kí ni?"

"Bóyá páìpù ló ti dípẹtà, ẹ̀yin náà ẹ ṣe sùúrù."

"Páìpù wo? Orí àwọn ará ibí ló dípẹtà."

Alágbàfọ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì, á gba ọ̀nà kànga lọ. Aṣọ ilé mẹ́rìnlélógún ló ń fọ̀. Ó mọ ẹni tí ń fi kọ́là ẹ̀wù nu ẹnu, ó mọ àgbàlagbà tó ṣì ń tọ̀ sílé, kò sì sọ fún ẹnì kan rí. Tó bá dé ìpínlẹ̀ onípìínlẹ̀, ta ni yóò kó irú àṣírí bẹ́ẹ̀ fún àjèjì?

Àǹtí télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, ìkòkò ta ni yóò wá tú?"

"Àǹtí mi, ọkọ mi ni o."

"Ọkọ ni? Mo ti ń rò ó pé rédíò ni, èyí tí wọn ò ṣe bọ́tìnnì tí a fi ń pa á sí."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nù ún tán, ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ọkọ fi ìwé ìyìn wá iṣẹ́ náà gan-an sí ìpínlẹ̀ kejì. Ọjọ́ Ajé ló lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ó débẹ̀, ó pè é lórí fóònù.

"Ìyá ọmọ mi, omi! Omi pọ̀ débi pé ó ń da àwọn èèyàn yìí láàmú! Ọ̀lẹ ló sì ń yí irin wọn o. Aago mẹ́wàá kì í bá a níbi iṣẹ́, ọwọ́ kan ló fi ń yí i. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa gbà á. Wọn ò tíì rí òṣìṣẹ́ láyé wọn!"

Alágbàfọ̀ wo kẹ́ẹ̀gì, ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ tó ti wọ̀ nítorí ẹrù omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọmọbìnrin kan gba iṣẹ́ Kò-Ṣeé-Gbé ní ilé-iṣẹ́ omi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ àdúgbò húkọ́, ó pọ ìdọ̀tí, omi sì bẹ́ jáde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìjọba bọ́ sórí rédíò, wọ́n ní àwọn ló ṣe é.

"Ẹ gbọ́ olè," ni àǹtí télọ̀ wí, ó ń bomi sí garawa kẹfà.

Alágbàfọ̀ tú ẹrù. Ó fọ aṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi hunjọ. Ó ti pinnu: kò lọ síbì kankan, ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ti dáa, bí ọkọ bá fẹ́ kó bínú kú. Ó to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, ó ń dúró de ìpè.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù dún, kó tó lanu, ọkọ ti wí pé, "Má wulẹ̀ wá mọ́, ègún ìpínlẹ̀ wa ti tẹ̀ lé mi débí o, torí àárọ̀ tí mo gba irin wọn, tí mo yí i sọ́wọ́ ọ̀tún bí mo ṣe ń yí i nílé, ni omi wọn gbẹ, wọ́n sì ti lé mi, ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, ọ̀gá mi àtijọ́ ti ní kí n máa bọ̀ wá gba iṣẹ́ mi lọ́la."