Ohùn Tó Pe Àbẹ̀kẹ́

Morẹ́nikéjì dáhùn ìpè kan tí kò yẹ kó dáhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ Yorùbá ní ìwà. Bí ẹ̀rọ bá purọ́, á bá a wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó ń kọ́ ọ ni pé kò gbọdọ̀ fi ohùn òkú pe alààyè.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ jàre," Ṣówándé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní. "Àbí ẹ fẹ́ kọ́ ọ títí táá fi di alùfáà ni?"

"Kò tíì gbọ́n tó, ṣùgbọ́n ó tó fún òní. Pa jẹnẹrétọ̀ bó o bá ń lọ."

Ṣówándé pa jẹnẹrétọ̀ bó ṣe ń jáde. Fáànù dúró, iná àti ẹ̀rọ kú. Morẹ́nikéjì ń wá báàgì rẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí nǹkan wúkọ́ nídìí ẹ̀rọ, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi oríkì pè é, ìyá náà sì ti kú. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, Morẹ́nikéjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ìyá ẹni pe ni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu rẹ̀ yá ju ìbẹ̀rù rẹ̀ lọ.

"Mo ń bọ̀, mà."

Ó rí báàgì rẹ̀, ó sáré jáde.

Nígbà tó délé tó gbé báàgì náà sórí àga, ọmọ rẹ̀ kékeré ké láti inú yàrá: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti dé?"

Morẹ́nikéjì la ẹnu, ohùn kò jáde. Inú fóònù tó wà nínú báàgì rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti dáhùn: "Mo ti dé, ọkọ mi."

Ọmọ náà sáré jáde, ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó gbá báàgì náà mọ́ra.