Ohun Tó Ń Ṣe Soufiane

Aláwàdà ni Soufiane kí ìwà ẹ̀ tó yí padà. Nílé-ẹ̀kọ́ gíga wọn, òun ló máa ń pa àwọn olùkọ́ pàápàá lẹ́rìn-ín. Razak ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé.

Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni Razak ti ń ṣàkíyèsí. Soufiane ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Kì í sùn. Ìgbàkígbà tí Razak bá lajú, ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń bá pàdé. Ó tú irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú. Ó mú ọ̀bẹ jáde kúrò nínú yàrá, kò dá a padà. Bí Razak bá dìde pé òun ń lọ sétí ọ̀sà, òun náà á ti wọ bàtà.

"Mo fẹ́ dá lọ," Razak sọ lọ́jọ́ kan.

"Èmi náà fẹ́ nasẹ̀."

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dá wà ni?"

Soufiane gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Àánú ẹ̀ ṣe Razak, ṣùgbọ́n kí ló lè ṣe? Ó ti rẹ òun alára. Àtidìde lórí ẹní ti di iṣẹ́. Síbẹ̀, ó wọ́ ara ẹ̀ dé àdúgbò Akron, lọ́dọ̀ Nimatou, ẹ̀gbọ́n Soufiane, tó ń ránṣọ. Soufiane tẹ̀ lé e, ó sì dúró síta.

"Ẹ̀gbọ́n, Soufiane ò gbádùn. Ó ń gbẹ lójú mi, apá mi ò sì ká a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe."

Nimatou gbé aṣọ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Omi lé sí i lójú.

"Mo ti gbọ́, àbúrò mi. A ó lọ rí dókítà lọ́la. Ṣé wàá bá wa lọ?"

"Màá lọ, nítorí ẹ̀."

"O ṣeun. O ṣeun gan-an."

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Soufiane ń sunkún títí wọ́n fi dé. Razak dì í lọ́wọ́ mú. Dókítà náà, obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ rọ̀, ní kí aláìsàn wá jókòó nítòsí òun.

Razak rọra ti Soufiane síwájú, ṣùgbọ́n èjìká Razak ni Nimatou gbá mú, ó sì fi í jókòó sórí àga náà.