“Ohun Tí Ẹ Bá Ní Náà Ni”: Ìtàn Harriet Atẹ̀wé

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán pátápátá, kí ẹ sì fún ẹlòmíì kà, pàápàá ẹni tí ojú máa ń tì láti dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀.

1

Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì, ìwé ìdádúró tẹ Harriet náà lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba l'Abẹ́òkúta. Ó sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó nu ojú rẹ̀, ó gba Kemta lọ sọ́dọ̀ Alhaji Láwàlì tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ ọ́fíìsì, ó sì ra taipuráítà kan ní igba náírà ó lé àádọ́ta. Ó san àádọ́jọ. Wọ́n fi ọgọ́rùn-ún tó kù sí ìparí oṣù kẹta.

“Tí owó ò bá wá pé ńkọ́, Alhaji?”

“Ẹ̀rọ á padà wálé nìyẹn, ọmọ mi. N ò ní bá ẹ jà, n ò sì ní bá ẹ ṣàwàdà.”

Harriet gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ l'Áké. Ọwọ́ rẹ̀ yá, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn èèyàn sì ń wọ́ wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti béèrè pé èló ni, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Ohun tí ẹ bá ní náà ni.” Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ tó ń dárúkọ owó fún àgbàlagbà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìgbéraga díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó ti jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba rí kò yẹ lẹ́ni tó ń dúnàá-dúrà bí ọlọ́jà.

2

Bàbá Túbọ̀sún, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kó ìtàn ìdílé rẹ̀ tó fọwọ́ kọ wá.

“Harriet, èló lo máa gbà?”

“Háà, bàbá! Ohun tí ẹ bá ní náà ni.”

“Ọlọ́run á bù kún ẹ.”

Ogóje ojú ìwé ni. Harriet fi owó ara rẹ̀ ra ìwé, ó ra kábọ́ǹnù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà àti ríbọ́ǹnù ẹ̀rọ méjì, ó sì ní kí àwọn oníbàárà yòókù lọ padà wá. Nígbà tó parí, bàbá mú bírò pupa dé. Ó ti rántí àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó lọ dáko sí Kọ́bapẹ́. Taipuráítà kò ṣeé fi èèyàn há àárín ojú ìwé. Harriet tún un tẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá rántí àwọn ìyàwó àbúrò náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mẹ́rin ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí bàbá kó ìwé rẹ̀ lọ, ó gbàdúrà títí, ó sì gbé náírà mẹ́wàá àti iṣu mẹ́ta sílẹ̀. Harriet dúpẹ́. Nígbà tí bàbá lọ tán, ó gbé orí lé tábìlì, ó sì sunkún.

3

Oṣù kẹta parí. Ogójì náírà péré ló wà lọ́wọ́ Harriet. Alhaji gbé ẹ̀rọ sínú mọ́tò rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò.

“Alhaji, ẹ ṣàánú mi! Mo ṣiṣẹ́. Odidi ìwé Bàbá Túbọ̀sún ni mo tẹ̀, ẹ bi gbogbo Aké.”

“Mo mọ̀ pé o ṣiṣẹ́. Èló lo ní kí wọ́n san?”

“Ohun tí wọ́n bá ní náà ni, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tó o wá ra ẹ̀rọ, ṣé mo ní kó o mú ohun tó o bá ní wá? A ná an, a fẹnu kò, mo kọ ọ́ sílẹ̀, o sì fọwọ́ sí i. Ṣé mo wá bú ẹ ni?”

“Rárá, sà.”

“Lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀. N ò ní ta ẹ̀rọ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì.”

Harriet lọ bá Bàbá Túbọ̀sún nílé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: àádọ́ta kọ́bọ̀ lojú ìwé kan, àádọ́rin náírà lápapọ̀. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀.

“Mo bi ẹ́ léèló, o ò dá mi lóhùn. Mo rò pé o fi ta mí lọ́rẹ ni! Mo ti fi orúkọ ẹ dúpẹ́ nínú ìjọ.”

“Ojú ló tì mí, sà.”

“Ojú tì ẹ́, o wá sọ mí di onígbèsè láìmọ̀.”

Nígbà tí bàbá gba owó ìfẹ̀yìntì, ó san ọgọ́ta tó kù. Harriet fi ogójì ọwọ́ rẹ̀ kún un fún Alhaji, ẹ̀rọ sì padà sí Aké. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ilé-ìwé kan ti gbé ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ fún atẹ̀wé mìíràn. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì padà wá mọ́.

4

Harriet kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, ó gbé e kọ́ ògiri: ojú ìwé kan, àádọ́ta kọ́bọ̀; ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; àtúnṣe àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́, ìkejì owó; ìyókù owó kí ìwé tó jáde. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kà á pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Harriet kò pè é padà.

Ìyá Beatrice, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, mú ètò ìsìn ìkórè wá. Ó ka páálí, ó sì kọjú sí Harriet.

“Àwa náà? Àwa tá a gbé ẹ jó nígbà ìsàmì ẹ?”

Harriet kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Mà, ọ̀wọ̀ yín ni mo fi kúnlẹ̀ yìí. Owó iṣẹ́ mi ló wà lára páálí.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tú etí aṣọ rẹ̀. Ó ka ìdajì sórí tábìlì, ó sì ní kó kọ ìwé ẹ̀rí owó fún òun.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ sọ iye yín kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ojú ti lè rí i. Ìtìjú yín lè gbé irinṣẹ́ yín lọ, kó sì sọ ẹni rere di ẹni tó jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tó bá bi yín pé “èló ni?” kò bú yín. Ẹ dá a lóhùn.