Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn?

Olùtọ́jú ilé-ìkàwé fọwọ́ lu tábìlì, gbogbo olùkọ́ yunifásítì tó wà nípàdé sì gbójú sókè.

"Àká iṣẹ́ ìwádìí tí a ṣí sórí ayélujára, kí tolórí tẹlẹ́mù lè rí i kà, òfìfo ló wà. Ẹ sàba lé ìmọ̀ bí adìyẹ, ẹ ò sì fẹ́ kó pa."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́, màdáámù," ni ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan láàárín wọn wí. "Ẹ fi tiyín ṣáájú ná."

"Ṣé ìyẹn náà ló le?" Ó tẹ àkọlé iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí sínú kọ̀ǹpútà tí àwòrán rẹ̀ ń hàn lára ògiri: *Ìdí Tí Ìwádìí Kò Fi Gbọdọ̀ Wà Lábẹ́ Àgádágodo*. Èsì yọ gàdàgbà: *Ẹni tó bá gbàṣẹ lọ́wọ́ wa nìkan ló lè ka iṣẹ́ yìí.*

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Olè ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde yìí," ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé wí. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ta ló ní kí wọ́n tì í mọ́ mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ó ti di tiwọn, àbí? Gbogbo wa la fọwọ́ sí irú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a ò fi lè kó iṣẹ́ wa sínú àká yín. Ojú ló ń tì wá láti sọ fún yín."

Inú ṣì ń bí olùtọ́jú náà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tó fi lu tábìlì, èyí kan náà tó fi buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ó sì rọra fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì náà.