Òwú Inú Àbẹ́là Ìyá Ìbùkún

"Ìkòkò ọbẹ̀ mi lo fi ń yọ́ kùkùté àbẹ́là? Ṣé orí rẹ pé?"

Gbogbo àwọn onílé àdúgbò tó jókòó sí pálọ̀ ló gbọ́ igbe tíṣà àgbà tó ni ilé náà. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe alága lọ́sàn-án yìí, àmọ́ òjò ṣú, iná sì ti lọ. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wá okùn ṣòkòtò funfun rẹ̀ tí kò rí i. Ọwọ́ òsì ló fi di ìbàdí ṣòkòtò náà mú bí ẹni tó di olè mú.

Ìyàwó rẹ̀ gbé agolo mílíìkì wọlé, àbẹ́là tuntun ti dì sínú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tàn án wò, Bàbá Ìbùkún."

"Àbẹ́là àjẹkù! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: bí èyí bá jó, màá dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin yìí níṣojú yín!"

"Wàláhì, a ti gbọ́!" Alájì Mahmud tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló dáhùn, ó sì ṣáná sí i. Àbẹ́là ń jó geere, pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan kan ilẹ̀.

"Kí lo tiẹ̀ fi ṣe òwú rẹ̀?" ó ń kùn.

"Okùn ṣòkòtò yín ni. Ẹ gbé ọwọ́ kejì náà sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin tíṣà lẹ kọ́ wa pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀."