Télọ̀ Tó Ní Àbúrò Kì í Bí Ẹ̀gbọ́n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín, ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àkọ́bí tí ẹ mọ̀. Ẹbí wa ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọpẹ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ní àpá.

1. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Bí ó bá rán kọ́là ẹ̀wù, ẹ ò ní rí ojú abẹ́rẹ́. Àfi bí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe mú un. Wọ́n fún un ní oògùn líle ní ọsibítù. Irun rẹ̀ re tán, ẹnu rẹ̀ kún fún egbò, ṣùgbọ́n àìsàn náà rọlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí, wá kí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi o! Kí ni kí n dì lórí yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

2. Dókítà pe àwọn méjèèjì jókòó. Ó ní àìsàn náà lè padà. Ó ní irúgbìn ẹ̀jẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn egungun, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń hù. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nìkan ló ní in, àgbàlagbà náà ní in. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ìyá wò, ti onídìrí ló bá tirẹ̀ mu.

"A ó gba díẹ̀ lára rẹ̀ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa ṣàn lára yín yóò wá di irú tirẹ̀."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Irú tirẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà? Àbúrò kì í bí ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń sọ ti bíbí?"

"Ara mi ti yá. Ẹ jẹ́ n lọ ránṣọ."

Àbúrò bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀.

3. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àìsàn fi padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní láti tún da oògùn líle bò ó kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun. Oògùn yìí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń rán bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ gún un, kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sórí aṣọ ló sọ fún un. Oògùn náà ti pa ìka rẹ̀ kú tipiri.

Ó wo àbúrò rẹ̀. "Ṣé ó ṣì wà?"

"Kí ni?"

"Irúgbìn yẹn."

"Ṣé ẹ rò pé mo ti tà á ni?"

Wọ́n fún onídìrí lábẹ́rẹ́ títí egungun rẹ̀ fi ń ro ó, ẹ̀rọ sì gba irúgbìn náà láti apá rẹ̀. Ó wọ ara ẹ̀gbọ́n bí omi lásán. A dúró, a gbàdúrà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí àìsàn mìíràn má baà ràn án. Nọ́ọ̀sì ló wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ó ti hù o!"

4. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ó ń wọn èèyàn, ó ń gé aṣọ, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò sọjí mọ́, kọ́là ti di iṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́. Bí oníbàárà bá ní, "Ọlọ́run ló yọ yín," á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," á wá nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì: "Ẹni tó rán wá nìyẹn."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí ipò yín gba ẹ̀mí yín. Bí ìrànlọ́wọ́ bá ti ọwọ́ kékeré wá, ẹ tètè gbà á, nítorí ohun tí ìgbéraga bá fi falẹ̀, ara ló ń san án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè.